Ọjọ́ Tí Àgbàrá Dá Mi Dúró Lọ́nà Ilé Ọkọ

Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi, òjò inú rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Irọ́ ni wọ́n ń pa. Òjò náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wà ní Parakou nígbà náà, lẹ́yìn tí a gba òmìnira, tí wọ́n ṣì ń pe ilẹ̀ wa ní Dàhòmì, yóò jẹ́rìí mi, àyàfi bí ó bá fẹ́ ṣe ìlara mi.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló gbé wa dé ìdí kí á máa gbéyàwó láàárín òjò. Iṣẹ́ ọkọ mi ló fà á. Awakọ̀ ni, kámíọ̀ ló ń wà, ó ń kó iyọ̀ láti Parakou lọ sí ìhà òkè títí dé etí Odò Ọya. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sí ẹni tó lè rí i mú. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti wọlé, ìjọba a máa gbé igi dábùú ọ̀nà, èyí tí à ń pè ní bàríyẹ̀, kí àwọn ọkọ̀ ńlá má baà sọ ọ̀nà amọ̀ pupa náà di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Bí bàríyẹ̀ bá ti balẹ̀, àwọn awakọ̀ a jókòó sílé. Ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń tún òrùlé ṣe, tí wọ́n máa ń bá aya wọn jà, tí wọ́n sì máa ń fẹ́ ìyàwó. Gbogbo ìyàwó awakọ̀ tí mo mọ̀ nílùú yẹn ló bá òjò wọlé ọkọ.

Télọ̀ ni bàbá mi, ní àdúgbò Albarika. Ará Ṣábẹ̀ ni wá, onígbàgbọ́, a sì ti pẹ́ ní Parakou débi pé ìyá mi ń fi èdè Bàrìbá ná ọjà, ó sì ń fi ti Dẹ́ńdì bú èèyàn. Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ṣábẹ̀ wá, nítorí pé ní ìdílé wa, ẹ̀gbọ́n bàbá ló ń fa ìyàwó lọ́wọ́ lọ sílé ọkọ. Ìyá Ṣábẹ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Obìnrin kúkúrú ni, kì í pariwo, kì í sì í purọ́. Bí ọbẹ̀ rẹ bá burú, yóò sọ fún ọ níwájú àlejò.

Ìyá Ṣábẹ̀ kò tí ì tú ẹrù rẹ̀ tán tó fi sọ òfin ìdílé fún mi. Ìyàwó tó bá ti jáde kúrò lẹ́nu ọ̀nà bàbá rẹ̀ kò gbọdọ̀ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀. Bákan náà, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, ìyàwó àti ọkọ kò gbọdọ̀ fojú kan ara wọn títí wọn yóò fi wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà ilé ọkọ. Nítorí èyí ni ọkọ ṣe máa ń fi ilé sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí kì í padà títí ìyàwó yóò fi wọlé. Mo bi í pé bí ọ̀kan nínú rẹ̀ bá yẹ̀ ńkọ́. Ó ní kò le rárá, òun yóò kàn mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ṣábẹ̀, n óò sì dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ó rọrùn lẹ́nu rẹ̀. Kò rọrùn létí mi. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà, mi ò ní tìtorí àgbà fi í pamọ́. Mo ti dúró kí òjò ọdún kan dé kí n tó rí i fẹ́, n kò sì lè fara da kí n tún dúró de òmíràn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ojú ọ̀run ìhà ìlà-oòrùn ṣú dẹ̀dẹ̀, ìjì sì dé. Ó ká páànù ilé ìdáná wa, ó fi kọ́ orí igi máńgòrò aládùúgbò, ó sì gbé aṣọ oníbàárà bàbá mi kan lọ tí a kò rí títí dòní. Ìyá mi ní èmi ni mo fà á, nítorí pé láti kékeré ni mo ti máa ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò jẹ, gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé òjò ni yóò sin irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ dé ilé ọkọ. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé gbogbo ìyàwó awakọ̀ ìlú yìí ló ha ìkòkò jẹ. Ó ní ẹnu mi yìí ni ọkọ mi yóò tìtorí rẹ̀ dá mi padà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìjì náà ti rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ké ramúramù lánàá kò lè mi ewé mọ́, òjò winniwinni ló kù. Bàbá mi jáde sí ìta, ó na ọwọ́ sí i, ó ní ó ti parí, ohun tó kù kò tó nǹkan. Ibi tí gbogbo wa ti ṣìnà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ la ń bẹ̀rù, a kò bẹ̀rù omi. Ìjì tó ń sáré a máa kọjá lọ, ṣùgbọ́n èyí tó ti rẹ̀ yìí jókòó sórí Parakou, ó ń tú gbogbo ohun tó ti rù bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn lé wa lórí. Ní ọ̀sán, a ṣì ń sọ pé òjò yóò dá láìpẹ́.

Bàbá mi gbàdúrà fún mi, ohùn rẹ̀ sì yí padà láàárín àdúrà náà. Ó yẹ kí n sunkún. Ẹkún kò wá, inú mi dùn jù. Mo gbé ojú sókè kí òjò rọ̀ sí i, àwọn obìnrin sì ń sọ fún ara wọn pé mo sunkún dáadáa, pé ọmọ tó mọ iyì òbí ni mí. Wọ́n da aṣọ bò mí lórí, Ìyá Ṣábẹ̀ di ọwọ́ mi mú, àwọn obìnrin ilé wa díẹ̀ sì gbé àpótí àti àwọn abọ́ mi tẹ̀lé wa. Àdúgbò Titirou ni ilé ọkọ mi wà. Bí òjò kò bá sí, ìrìn náà kò tó ohun tí èèyàn ń mí hẹlẹhẹlẹ sí.

A dé àdúgbò Zongo kí òjò tó fi hàn wá pé òun kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Ó ya lé wa lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí a fi máa dé ibi tí ilẹ̀ ti rọlẹ̀ lẹ́yìn Zongo, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ti di odò. Mo ṣí aṣọ orí mi díẹ̀ kí n lè wò ó. Àgbàrá pupa ń sáré lọ, ó ń gbé igi ìdáná, bàtà ẹsẹ̀ kan, àti adìyẹ kan tó dúró sórí pákó bí ẹni tó ti sanwó ọkọ̀. Ilé ọkọ mi wà ní òdìkejì. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà dábàá pé kí á padà sí Albarika kí omi fà. Ìyá Ṣábẹ̀ kàn wò ó, obìnrin náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún abọ́ orí rẹ̀ gbé.

Ilé ńlá kan wà nítòsí tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, a sì sáré lọ fara pamọ́ síbẹ̀. Àgbàlá ọkọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kámíọ̀ kan dúró nínú rẹ̀, ilé ìkẹ́rùsí kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní màgàsẹ́ǹ. Ìyá tó ni ilé náà jáde sí wa. Mùsùlùmí ni, Yorùbá ni, láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣòwò ní Zongo. Iyọ̀ ló ń tà. Ó kí wa kú òjò, ó fún wa ní ẹní láti jókòó lé àti kókó gbígbóná, ó wá béèrè ìyàwó ta ni mí. Ìyá Ṣábẹ̀ sọ ilé tí à ń lọ fún un. Ìyá oníyọ̀ fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ìyá Ṣábẹ̀ rò pé òtútù ló mú un, ó ní kí ó lọ wọ aṣọ tó nípọn.

A jókòó síbẹ̀ pẹ́. Òjò ń lu páànù débi pé èèyàn ní láti fi ẹnu sí etí ẹnìkejì kó tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tó ṣe, ó dáwọ́ dúró díẹ̀, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan sín nínú màgàsẹ́ǹ. Ó sín, ó tún sín, èyí tó kẹ́yìn sì dún bí fèrè. Kókó dà sí mi lára. Kò sí ẹlòmíràn tó ń sín bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Dàhòmì. Ọkọ mi ni.

Àwọn ará ilé rẹ̀ ti sọ fún wa pé ó ti lọ sí Ìdàáṣà lọ́dọ̀ arákùnrin bàbá rẹ̀, kó lè jìnnà sí wa. Kò dé Ìdàáṣà. Ibi tí àwọn awakọ̀ máa ń lọ bí wọn kò bá mọ ibi tí wọn yóò lọ ló lọ, ìyẹn ni ọ̀dọ̀ ọkọ̀ rẹ̀. Ìyá oníyọ̀ yìí ni ọ̀gá rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ilé rẹ̀ rí. Bí ó ṣe gbọ́ ohùn wa lọ́dẹ̀dẹ̀, ó sá wọ màgàsẹ́ǹ, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ sáàárín àwọn àpò iyọ̀. Gbogbo ìlú Parakou ló wà fún un láti sá sí, ilé tí òjò yóò lé mi wọ̀ ló yàn.

Ìyá oníyọ̀ wá fi ẹnu sí etí Ìyá Ṣábẹ̀, ó sọ fún un. Ìyá Ṣábẹ̀ dìde, ó yí mi padà kí ojú mi kọ sí ògiri, ó fa aṣọ orí mi wálẹ̀ títí dé àyà mi, ó gbé àpótí lọ sí ẹnu ọ̀nà màgàsẹ́ǹ, ó sì jókòó lé e. Mo ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ aṣọ. Ilẹ̀kùn pákó kan ló wà láàárín èmi àti ọdún kan ní Ṣábẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ pé omi náà dúró sí ibi tó wà, kì bá tí sí wàhálà. Ṣùgbọ́n òjò tún ya, àgbàrá sì gun òkè wọ àgbàlá. Mo gbọ́ tí ìyá oníyọ̀ ké ní èdè Dẹ́ńdì, n kò sì ní sọ ohun tó sọ. Omi ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn màgàsẹ́ǹ wọlé. Gbogbo iyọ̀ tó kó jọ de ìgbà tí bàríyẹ̀ yóò ṣí wà nílẹ̀ níbẹ̀, iyọ̀ sì ni, kì í ṣe àgbàdo tí èèyàn lè sá sóòrùn. Bó bá yọ́, ó ti lọ nìyẹn. Àwọn alágbàṣe rẹ̀ ti lọ sí oko wọn láti ìgbà tí bàríyẹ̀ ti balẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó ní agbára láti kó àpò wà nínú màgàsẹ́ǹ, Ìyá Ṣábẹ̀ sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Ọkọ mi ń bẹ̀bẹ̀ láti inú ilé. Ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ ṣí ilẹ̀kùn fún òun, òun yóò di ojú bí wọ́n bá fẹ́. Ìyá oníyọ̀ kò bẹ̀bẹ̀. Ó dúró nínú omi, ó ń wo Ìyá Ṣábẹ̀, kò sì bi í ní nǹkankan, bẹ́ẹ̀ òun ló ni ilé àti iyọ̀. Mo gbóríyìn fún un lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń ṣe é.

N kò dúró kí ẹnikẹ́ni rán mi níṣẹ́. Mo ṣí aṣọ kúrò lórí, mo sì kojú sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi.

"Ìyá," mo ní, "iyọ̀ yìí ló ń bọ́ ọkùnrin tí ẹ ń mú mi lọ fún. Bó bá yọ́ tán, kí ni n óò lọ máa jẹ nílé rẹ̀?"

Ó wò mí. Mo rò pé yóò gbá mi létí níwájú gbogbo èèyàn. Ó dìde, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó fi so ìdí, ó sì gbé àpótí kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó iyọ̀ nìyẹn. Ọkọ mi ń gbé àpò láti inú màgàsẹ́ǹ, èmi àti àwọn obìnrin ń gbà á rù láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kámíọ̀, ìyá oníyọ̀ àti Ìyá Ṣábẹ̀ sì wà lókè ọkọ̀ tí wọ́n ń tò ó sábẹ́ tapólì. Ẹnikẹ́ni tí kò bá tí ì rí àgbà obìnrin Ṣábẹ̀ kan tó gun ẹ̀yìn kámíọ̀ kò tí ì rí nǹkan. Àwọn àpò ìsàlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í jò, omi iyọ̀ ń ṣàn wá sí wa lórí, ó ń gba ọrùn lọ sí ẹ̀yìn, ó ń gba itan dé ẹsẹ̀. Aṣọ òkè ìgbéyàwó mi le gbandi. Ojú ń ta mí. Ẹ̀rín sì ń pa mí.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà, àpò iyọ̀ kan ló wà láàárín wa. Irun rẹ̀ funfun bíi ti bàbá arúgbó. Ó wo òkè kámíọ̀, ó rí i pé Ìyá Ṣábẹ̀ ń wò wá, ó sì kí mi bí ẹni tí kò rí mi rí láyé.

"Ẹ kú òjò o, ìyá," ó ní.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá," mo dá a lóhùn.

Ìgbà tí mo sì rẹ́rìn-ín nìyẹn tí àpò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti rí i nínú aṣọ àtàtà, mo ti rí i nídìí ọkọ̀ tó ń yangàn, ṣùgbọ́n nínú omi yẹn, tó ń gbé iyọ̀ oníyọ̀ bí ẹni pé tirẹ̀ ni, ni mo mọ̀ dájú pé n kò ṣi ọkọ fẹ́.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ló yọ́. Nígbà tí a kó èyí tó kù tán, òjò náà ti rẹ̀ gan-an, ó ń kán tó-tó-tó bí ẹni tí kò ní nǹkan sọ mọ́. Ìyá oníyọ̀ mú kẹ́tùrù àlùwàlá rẹ̀ wá kí á fi fọ ojú àti ọwọ́. Ó ní nínú ilé òun, kò sí ẹni tó rí ẹnikẹ́ni, alágbàṣe kan ló bá òun kó iyọ̀, ó sì ti lọ. Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́. Ìyá Ṣábẹ̀ tún fa aṣọ bò mí lórí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi, nítorí mo mọ obìnrin náà. Bí wọ́n bá bi í ní Titirou, òtítọ́ ni yóò sọ, ọkọ̀ ojú irin ló sì kàn.

Omi fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ṣe é fẹsẹ̀ là. Ìyá oníyọ̀ ní kámíọ̀ lè gbà á kọjá. Ẹ óò ti mọ ẹni tí yóò wà á. Wọ́n kó wa sẹ́yìn ọkọ̀, sórí àwọn àpò iyọ̀, wọ́n fa tapólì bò wá, ọkọ mi sì fúnra rẹ̀ wa ìyàwó rẹ̀ lọ sílé, ó kọjú síwájú gbọnrangandan, kò sì wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó kù díẹ̀ kí á dé ilé, ó dúró, a sọ̀kalẹ̀, ó sì yí ọkọ̀ padà kíákíá. Kò sí ẹni tí kò mọ ìró kámíọ̀ yẹn ní Titirou.

Gbogbo àwọn ìyàwó ilé ti tò sẹ́nu ọ̀nà. Ìyáálé wọn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, gbé àpótí ìjókòó síwájú mi, ó bu omi sínú igbá. Láti àárọ̀ ló ti ń gé ẹran àsè wa, ọ̀bẹ sì ti bù ú ní ìka, ó fi àkísà wé e. Kó tó fọwọ́ kàn mí, ó béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mú ìyàwó wá.

"Ìyá, ṣé ọ̀nà mọ́? Ṣé kò sí ẹni tí ẹ pàdé?"

Àwọn obìnrin wa ń wo ilẹ̀. Èmi ń wo ẹ̀gbọ́n bàbá mi láti abẹ́ aṣọ. Ó ń fún etí aṣọ rẹ̀ tó tutù, mo sì ti ń rò bí Ṣábẹ̀ yóò ṣe rí lójú mi.

"Òjò nìkan la pàdé," Ìyá Ṣábẹ̀ ní.

 Obìnrin tí kò lè pa irọ́ kékeré nítorí ọbẹ̀ ti pa ńlá nítorí mi. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ní wákàtí yẹn ju ọkọ tí mò ń wọlé tọ̀ lọ.

Ìyáálé tú àkísà ìka rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ ẹsẹ̀ mi. Ó fa ọwọ́ yọ lójijì bí ẹni tí nǹkan ta. Ó wo ojú egbò náà, ó fi ìka sẹ́nu, ó sì tọ́ ọ wò. Ó wo aṣọ mi tó ti funfun ní etí. Ó wo ọ̀nà tí ìró kámíọ̀ ṣì ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Òjò Zongo mà níyọ̀ o," ó ní jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó tún bu omi, ó ṣan ẹsẹ̀ mi títí ohun tó wà lára rẹ̀ fi lọ. "Wọlé, ìyàwó wa."

Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, èmi àti Ìyá Ṣábẹ̀ so ọwọ́ pọ̀, ẹ̀rín tí à ń pa mọ́ra sì ń mì wá tìtì débi pé àwọn ará ilé sáré lọ dáná, wọ́n rò pé òtútù ló ń gbọ̀n wá.